Iyùn pupa, ẹ̀lú aró: ìfiwéra ọ̀nà tí a lè gbà ya eléré ìtàn Kétu ní dúdú-àti-funfun

Ẹni tó bá fẹ́ ya eléré ìtàn ní Kétu ní dúdú-àti-funfun máa ń kọ́kọ́ béèrè pé kámẹ́rà wo ni kí òun rà. Ìbéèrè náà kò burú, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà lára ẹni tí ẹ fẹ́ yà: iyùn lọ́rùn, osùn lápá, àlàárì léjìká, ògiri ilẹ̀ pupa lẹ́yìn rẹ̀, àti àwọ̀ ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ ilé pupa ni gbogbo wọn. Ẹ wá wo apá kejì: ẹ̀lú, ẹtù, sẹ̀gi, ojú ọ̀run. Ilé aró ni tiwọn. Bí àwọ̀ bá ti kúrò nínú àwòrán, ohun tó kù ni bí irinṣẹ́ yín ṣe rí pupa àti bó ṣe rí aró. Ìyẹn ni yóò pinnu bóyá iyùn ọrùn ìjòyè yóò dà bí eyín tàbí bí èédú, bóyá ilà ojú ọdẹ yóò yọ tàbí yóò pòórá. Ẹ yan ìyẹn ná, kámẹ́rà yóò wá tẹ̀ lé e.

Eléré ìtàn tí à ń wí ni àwọn tó ń múra bí ọdẹ, bí jagunjagun, bí ìránṣẹ́ ọba tàbí ìyá ọlọ́jà ayé ìgbà tí odi Kétu ṣì dúró, kí ogun Dahomey tó kó ìlú ní 1886, tàbí bí àwọn tó padà wá tún ìlú tẹ̀ dó ní 1894. Egúngún kò sí lára wọn. Ará ọ̀run kì í ṣe eléré, ẹni tó bá sì fẹ́ yà á ní àwọn àgbà tí yóò lọ bá kó tó gbé kámẹ́rà jáde. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà ní àwọn olórí tirẹ̀ tí à ń tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn.

Ojú mẹ́ta tí àwòrán lè fi wo Kétu

Gíláàsì tí àwọn oní-fótò ń lò bíi fíìmù káàkiri ayé ní 1886 kò rí pupa. Aró ló ń rí dáadáa. Gíláàsì tó rí gbogbo àwọ̀ kò dé orí àtẹ títí di 1906. Ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀run fi máa ń funfun báláú nínú fótò àtijọ́, tí ara ènìyàn dúdú ń dú ju bó ṣe rí lọ, tí ète àti iyùn sì ń di èédú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ogbó ló sọ àwòrán wọ̀nyẹn dà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ogbó. Bí wọ́n ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n jáde nínú omi nìyẹn.

Nítorí náà, ojú mẹ́ta ló wà tí a lè yàn nínú rẹ̀. Ojú àtijọ́ ni èyí tí kò rí pupa. Ojú òní ni ti fíìmù àti díjítà tó rí gbogbo àwọ̀. Ojú pupa ni ojú òní tí a fi gíláàsì pupa bò, tó jẹ́ pé pupa nìkan ló ń gbà wọlé. Bí wọ́n ṣe ń sọ ohun Kétu dà nìyí:

| Ohun tó wà níwájú | Ojú àtijọ́ | Ojú òní | Ojú pupa |
|---|---|---|---|
| Iyùn | fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú | eérú àárín | fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun |
| Sẹ̀gi | mọ́lẹ̀ | eérú àárín | dúdú |
| Àlàárì | dúdú | eérú tó ṣókùnkùn | eérú tó mọ́lẹ̀ |
| Ẹ̀lú tí kò dú jù | eérú tó mọ́lẹ̀ | eérú àárín | ṣókùnkùn |
| Sányán | ṣókùnkùn díẹ̀ | eérú tó mọ́lẹ̀ | fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun |
| Osùn lára | dúdú, ó yọ | ó sún mọ́ àwọ̀ ara | ó mọ́ ju ara lọ |
| Àwọ̀ ara | dú sí i, ilà ojú yọ | bí a ṣe ń rí i | mọ́ sí i, ilà ojú rọ̀ |
| Ògiri ilẹ̀ pupa | ṣókùnkùn | eérú àárín | mọ́lẹ̀ |
| Ojú ọ̀run tó mọ́ | funfun | mọ́lẹ̀ | ṣókùnkùn |

Ẹfun kò sí níbẹ̀ nítorí pé funfun ni lójú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹtù tó ti dú gan-an náà kì í yí padà púpọ̀; ojú àtijọ́ kàn lè gbé e sókè díẹ̀.

Ẹ wo àlàárì àti ẹ̀lú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lójú òní, àwọn méjèèjì lè di eérú tó jọra, kí ẹni tó dá àlàárì lé ẹ̀wù ẹ̀lú wá dà bí ẹni tó wọ aṣọ kan ṣoṣo. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí nínú àwòrán eléré ìtàn, ìmọ́lẹ̀ kò sì lè tún un ṣe. Ojú àtijọ́ yóò sọ àlàárì di dúdú, yóò gbé ẹ̀lú sókè. Ojú pupa yóò ṣe òdìkejì. Èyíkéyìí nínú méjèèjì yóò ya aṣọ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ti àwọ̀ ara gba àlàyé. Ara ènìyàn dúdú ń dá pupa padà ju bó ṣe ń dá aró padà lọ, ìmọ́lẹ̀ pupa sì ń wọ inú awọ díẹ̀ kó tó jáde. Ìyẹn ló ń mú kí ara rọ̀ nínú àwòrán, kí ihò ara àti ilà ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ìmọ́lẹ̀ aró ní tirẹ̀, orí awọ ló ti ń padà, gbogbo gíga àti kòtò tó wà níbẹ̀ ni yóò sì hàn. Bí ó bá jẹ́ àgbà ọdẹ tó kọlà ni ẹ ń yà, tí ẹ sì fi gíláàsì pupa sójú lẹ́ǹsì, ẹ ti pa ilà ojú rẹ̀ rẹ́. A kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Gíláàsì pupa dára fún ọmọdé tó múra bí ìránṣẹ́, tàbí nígbà tí iyùn ní láti tàn lórí ẹ̀wù ẹ̀lú. Kò dára fún nǹkan mìíràn púpọ̀, ó sì ń fọ àwọ̀ ènìyàn ju bó ṣe yẹ lọ. Ara Kétu kì í ṣe ohun tí a ń bó.

Fún ọdẹ àti jagunjagun, ojú àtijọ́ ni kí ẹ yàn. Fún ìjòyè tó kó iyùn sọ́rùn lórí sányán, ojú òní pẹ̀lú gíláàsì òféèfé ló dáa jù, nítorí pé ojú àtijọ́ máa ń sọ iyùn di ihò dúdú ní àyà rẹ̀. Fún ìyá ọlọ́jà tó ró ẹ̀lú, tó sì kun osùn, ojú àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i: osùn yóò yọ lára, ẹ̀lú yóò fi oníṣọ̀nà aṣọ rẹ̀ hàn.

Irinṣẹ́: fíìmù, bébà, díjítà, fóònù

Ọ̀nà tó gbòòrò jù sí ojú àtijọ́ lórí fíìmù, tí àwọn ará ilé wa ń pè ní pẹ́líkúlù, ni Ilford Ortho Plus. ISO rẹ̀, ìyẹn òǹkà tó ń sọ bí fíìmù ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó, jẹ́ 80 lójú ọ̀sán. Lábẹ́ gílóòbù, tàbí ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti pọ́n, ẹ kà á sí 40, nítorí ìmọ́lẹ̀ ìgbà yẹn kún fún pupa tí fíìmù kò lè rí. Ibí yìí gan-an ni àwọn ènìyàn ti ń kùnà: ohun tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ rí pupa, ó ní ìmọ́lẹ̀ tó, fíìmù sì jáde ní fífẹ́lẹ́, tí ojú ẹni tí a yà kò sì ní ohun kankan nínú. Kódà lójú ọ̀sán, bí ẹ bá wọn ojú ènìyàn dúdú fún Ortho, ẹ má ṣe gé ìmọ́lẹ̀ kankan kúrò, bí a ṣe ń ṣe lórí ojú òní. Àǹfààní ńlá tó ní ni pé ẹ lè fọ̀ ọ́ lábẹ́ lámpù pupa, kí ẹ máa wo àwòrán bó ṣe ń yọ. Fíìmù yìí rí àwọ̀ ewé pẹ̀lú, nítorí náà kò fọ́jú tó gíláàsì 1886 pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ gan-an, kó fi gíláàsì aró tó ṣókùnkùn, Nọ́ńbà 47, bo fíìmù ojú òní, kó sì fi sítọ́ọ̀pù méjì àbọ̀ kún ìmọ́lẹ̀ (sítọ́ọ̀pù kan ń sọ ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì).

Fíìmù ojú òní pọ̀: HP5 Plus àti Tri-X ní ISO 400, FP4 Plus ní 125. HP5 ni a máa ń mú fún Kétu, nítorí pé abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Gíláàsì òféèfé Nọ́ńbà 8 ń gba sítọ́ọ̀pù 1, ti ewé Nọ́ńbà 11 ń gba 2, ti pupa Nọ́ńbà 25 ń gba 3. Gíláàsì àwọ̀ ewé yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Lórí HP5, ó ń mú ilà ojú yọ bí ojú àtijọ́ ṣe ń ṣe, láìsọ iyùn di èédú. Bí ó bá jẹ́ gíláàsì kan ṣoṣo ni owó yín tó rà, òun ni kí ẹ rà.

Ọ̀nà kẹta tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni bébà fótò fúnra rẹ̀. Bébà tí a fi ń tẹ dúdú-àti-funfun kò rí pupa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é kó lè ṣeé lò lábẹ́ lámpù pupa. Ẹ gé e sí ìwọ̀n, ẹ fi í sínú kámẹ́rà àpótí dípò fíìmù, ẹ sì kà á sí ISO 6. Lábẹ́ ibòji tó mọ́lẹ̀, f/8 ní ìdajì sẹ́kọ́ǹdù ni (òǹkà f ni bí ẹnu lẹ́ǹsì ṣe là tó: bí ó bá kéré, ẹnu là sí i). Ẹni tí à ń yà ní láti jókòó, kó fi ẹ̀yìn ti ògiri, kó sì gbé ọwọ́ lé orúnkún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò mì. Dúdú àti funfun bébà máa ń le jù. Ẹ lo bébà Nọ́ńbà 2 tí kì í yí padà, kí ẹ sì sá fún oòrùn tààrà. Ewé bébà kan kò wọ́n tó fíìmù, àwòrán rẹ̀ sì ní ìdúróṣinṣin tí kò sí níbòmíràn, torí pé ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ fún ìdajì sẹ́kọ́ǹdù kì í rẹ́rìn-ín ti fóònù. Àwo tútù ti ayé àtijọ́, tí à ń da oògùn sí lórí gíláàsì, ẹ fi í sílẹ̀. Ó ní láti di yíyà àti fífọ̀ kó tó gbẹ, ooru wa ń gbẹ ẹ́ kíákíá, oògùn rẹ̀ sì ní ether, ohun olómi tó ń tètè gbiná.

Díjítà rọrùn ju gbogbo wọn lọ ní ti yíyan ojú, nítorí pé ẹ lè yà á ná, kí ẹ tó yan ojú nílé. Ohun méjì ni kò gbọdọ̀ ṣẹ́ kù. Àkọ́kọ́, RAW, fáìlì tó tọ́jú gbogbo àwọ̀ tí kámẹ́rà rí, ni kí ẹ fi yà á. Bí ẹ bá fi JPEG dúdú-àti-funfun yà á, kámẹ́rà ti da àwọ̀ nù, kò sí ojú tí ẹ lè yàn mọ́. Èkejì, ẹ ṣọ́ra fún apá aró, ọ̀kan nínú apá mẹ́ta tí díjítà pín àwọ̀ sí: pupa, ewé, aró. Bí ẹ bá fẹ́ ojú àtijọ́ lórí kọ̀ǹpútà, apá aró nínú àwòrán ni ẹ ó fi ṣe é, apá aró yìí gan-an ló sì máa ń ṣókùnkùn jù lójú ènìyàn dúdú. Bí ISO bá ti ga, gbogbo ojú yóò kún fún hóró-hóró bí iyanrìn. Ẹ dúró sí ISO 100 tàbí 200, ẹ fi sítọ́ọ̀pù 1 kún ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì máa wo histogram, àwòrán ìlà tó ń fi hàn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pín, kí ẹfun àti aṣọ funfun má baà jó. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ má gba aró nìkan. Aró 70 àti ewé 30 nínú ọgọ́rùn-ún máa ń tó, ó sì dín hóró kù. Kámẹ́rà díjítà tí wọ́n ṣe fún dúdú-àti-funfun nìkan wà, irú Leica M Monochrom tó jáde ní 2012, àmọ́ ti fíìmù ni ìwà rẹ̀: ẹ ní láti fi gíláàsì aláwọ̀ sójú lẹ́ǹsì kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Fóònù kò burú bí ó bá ń ya RAW. Àléébù rẹ̀ ni lẹ́ǹsì rẹ̀ tó fẹ̀: bí ẹ bá sún mọ́ ojú ju mítà kan lọ, imú yóò tóbi, etí yóò sì sá sẹ́yìn. Ẹ fà sẹ́yìn dé mítà 1 àbọ̀, kí ẹ lo lẹ́ǹsì 2x rẹ̀. Ẹ pa àwọn ohun tó ń dán ojú mọ́ rẹ̀ kúrò, nítorí pé wọ́n ń pa ilà ojú rẹ́ láìbéèrè.

Báwo ni a ó ṣe wá yàn láàárín wọn? Fíìmù 120 inú kámẹ́rà onígun mẹ́rin ń ya 12. Fíìmù 35 ń ya 36. Díjítà kò ní òǹkà. Bí eléré bá tó ọgbọ̀n, tí wọ́n sì ní wákàtí méjì kí wọ́n tó bọ́ aṣọ, díjítà ni. Bí ó bá jẹ́ àgbà mẹ́rin tó ní sùúrù, fíìmù tàbí bébà ni, torí pé bí a ṣe ń mú un pẹ́ ń fún ẹni náà láyè láti jókòó sínú ipò tó ń ṣe. Fíìmù 120 kì í ṣe ohun tí a ń rí lórí àtẹ ní ọjà Kétu. Ẹ ti béèrè rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, ẹ fi í sínú fíríìjì nínú ike tó padé dáadáa, ẹ sì mú un jáde ní wákàtí 2 kí ẹ tó ṣí i, kí omi má baà sẹ̀ sí i lára.

Ẹ̀yìn ẹni tí à ń yà

Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnu odi àtijọ́ náà, ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rò. Ó tọ́ fún àwòrán gbogbo ara, pàápàá jagunjagun, àmọ́ ẹ rántí ojú tí ẹ yàn. Ilẹ̀ pupa ni ògiri wa. Lójú àtijọ́, ògiri yóò dú, ènìyàn dúdú yóò dú, ẹni náà yóò sì rì sínú rẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ méjì ló wà: ẹ gbé e síwájú ògiri ní mítà 2 ó kéré tán, kí ìmọ́lẹ̀ bà á láti ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ẹ jẹ́ kó wọ ohun tó mọ́lẹ̀ léjìká. Lójú pupa ni ògiri yóò mọ́ tí ẹ̀lú yóò sì yọ lórí rẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀kan nínú ìgbà díẹ̀ tí gíláàsì pupa ń ṣe rere. Ẹ má ṣe gun odi, ẹ má sì kan nǹkan kan mọ́ ilẹ̀kùn.

Fún ojú àti àyà nìkan, aṣọ tí a ta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ dára ju ẹnu odi lọ. Aṣọ dúdú yóò gbé ilà ojú jáde, àmọ́ irun yóò pòórá sínú rẹ̀ bí kò bá sí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ láti ẹ̀yìn. Kíjìpá funfun tó ti pọ́n díẹ̀ ni a fẹ́ràn jù. Ó ń di eérú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó bá ìgbà mu, kò sì bá ẹni tí à ń yà du ojú. Ẹ na án dáadáa. Bí ó bá hunjọ, dúdú-àti-funfun yóò fa ojú lọ síbẹ̀.

Ẹni tó bá wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ ní òkè àpáta tó jẹ́ eérú látilẹ̀wá, tí kì í yí padà lójú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní Àjàṣẹ́, ilé àwọn Àgùdà ní ọ̀dà tó yàtọ̀ síra, ẹ kọ́kọ́ fi fóònù yẹ̀ ẹ́ wò bí ọ̀dà kọ̀ọ̀kan ṣe ń rí ní dúdú-àti-funfun kí ẹ tó gbé ènìyàn síwájú rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀

Oòrùn ọ̀sán gangan ń fi ojú sínú kòtò. Ẹ̀yìn aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́wàá, àti láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ló dára níta. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lẹ́nu ilẹ̀kùn tó kọjú sí òde tó mọ́lẹ̀ ló dáa jù ní gbogbo ọjọ́: kí ẹni náà jókòó ní ìgbésẹ̀ kan sínú, kí ẹ̀gbẹ́ ojú kan gba ìmọ́lẹ̀, kí aṣọ funfun tí a na sórí igi, bíi mítà 1 níbùú, dá díẹ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí aṣọ yẹn bá sún mọ́ jù, ojú á pẹlẹbẹ. Ìgbà ọyẹ́ ní ìmọ́lẹ̀ tó rọ̀, tó dà bí ẹni fi aṣọ àlà bo oòrùn, ó sì dára púpọ̀ fún ojú. Àmọ́ erukú rẹ̀ ń wọ inú kámẹ́rà, nítorí náà ẹ má ṣe pààrọ̀ lẹ́ǹsì níta.

Fún HP5 ní 400, ibòji tó mọ́lẹ̀ ń gba f/5.6 ní 1/500 tàbí f/8 ní 1/250. Fún Ortho ní 80, f/5.6 ní 1/60 ni. Bí ẹ bá wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí i ní mítà kan, ẹ fi sítọ́ọ̀pù 1 sí 2 kún un. Lórí ojú òní, bí ẹ bá wọn ìmọ́lẹ̀ lójú ènìyàn dúdú gan-an, ohun tí ń wọ̀n ọ́n yóò fẹ́ sọ ojú yẹn di eérú àárín, yóò sì fún un ní ìmọ́lẹ̀ jù. Ẹ gé sítọ́ọ̀pù 1 kúrò. Bí ẹ bá wọn gbogbo àwòrán, tí aṣọ funfun sì pọ̀ nínú rẹ̀, òdìkejì ni yóò ṣẹlẹ̀: ojú yóò ṣókùnkùn. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ sórí ojú dípò èyí tó ń padà láti ojú.

Fíláàṣì orí kámẹ́rà kò yẹ fún iṣẹ́ yìí. Ó ń dán lórí òógùn, ó sì ń fi hàn pé ọjọ́ òní ni.

Ọ̀nà jíjìn àti gíga

Lẹ́ǹsì 85 lórí kámẹ́rà fíìmù 35 tàbí díjítà tó bá a dọ́gba, láti mítà 1 àbọ̀, ń gba orí dé àyà. Lẹ́ǹsì 50 láti mítà 2 àbọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ara tán. Lẹ́ǹsì 35 ló yẹ ní ẹnu odi. Ẹ má ṣe ṣí 85 dé f/2 nítorí pé ẹ̀yìn fẹ́ rọ̀: ní mítà 1 àbọ̀, ohun tó mú kò ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Ojú á mú, ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ á rọ̀, ẹnu ìbọn á pòórá. f/5.6 ń fún yín ní sẹ̀ǹtímítà 10, ìyẹn sì tó bí ìbọn ṣakabùlà bá wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú ojú. Ọdẹ fúnra rẹ̀ ni kó fi hàn pé kò sí ẹ̀tù ìbọn nínú rẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ má sì kọjú sí ẹnikẹ́ni, oní-fótò náà pẹ̀lú.

Ti gíga yẹ fún ìrònú. Kámẹ́rà Rolleiflex, tí à ń wò láti òkè, ìbàdí ni à ń gbé e sí. Irú rẹ̀ ni Pierre Verger lò, oní-fótò ará Faransé tó di Fátúmbí ní Kétu ní 1953. Kámẹ́rà tó wà ní ìbàdí ń wo ènìyàn láti ìsàlẹ̀ díẹ̀, ó sì ń fún jagunjagun ní ìdúró láìjẹ́ pé a sọ fún un kó ṣe ojú. Ẹni tó gbé díjítà sójú ń wo ẹni tó jókòó láti òkè wá, ó sì ń dín ọlá àgbà kù. Ẹ kúnlẹ̀, tàbí kí ẹ lo ojú kámẹ́rà tó ṣeé yí sókè.

Aṣọ: ohun tí dúdú-àti-funfun ń bò àti ohun tó ń tú

Dúdú-àti-funfun ń dárí ji àwọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ oníke lè jọ iyùn, aró ilé iṣẹ́ lè jọ ẹ̀lú. Kò dárí ji dídán àti iṣẹ́ ọwọ́. Aṣọ pọliẹ́sítà ń dán bí awọ ẹja, àǹkárá ń fi àwòrán rẹ̀ hàn kedere, ìrán ẹ̀rọ lẹ́bàá ẹ̀wù ọdẹ sì tọ́ jù. Ẹ wo ọwọ́: ibi tí aago wà tẹ́lẹ̀ máa ń mọ́ ju ìyókù lọ, ojú àtijọ́ sì ń mú un pọ̀ sí i, osùn díẹ̀ lè bò ó. Àpá abẹ́rẹ́ òkè apá náà, ẹ fi aṣọ bò ó. Sálúbàtà, ẹ bọ́ ọ. Òógùn ń dán. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi pọ́dà sí i, pọ́dà ń di eérú lójú àtijọ́.

Fífọ fíìmù nínú ooru wa

Ibí ni fíìmù ti ń bàjẹ́ jù, kì í ṣe nínú kámẹ́rà. Gbogbo àkókò tí wọ́n kọ sára ike oògùn wà fún 20 dígírì, omi wa sì máa ń ju 25 lọ. Bí omi bá gbóná, àkókò ń kúrú, bí ó bá sì kúrú ju ìṣẹ́jú 5 lọ, oògùn kò ní tan déédéé, ojú ọ̀run àti ògiri yóò ní ìlà-ìlà. Nítorí náà ẹ má lo oògùn gbígidi. Fún HP5 nínú oògùn tí à ń pè ní ID-11, ẹ da mílílítà 250 oògùn pọ̀ mọ́ 250 omi fún fíìmù 120 kan: ìṣẹ́jú 13 ní 20 dígírì, nǹkan bí 9 ní 24. 24 ni kí ẹ máa lé; ó ṣeé dì mú.

Ẹ gbé àpótí fíìmù sínú bàsíà omi, ẹ di yìnyín sínú nílọ́nù kí ẹ jù ú sínú bàsíà náà, kì í ṣe sínú oògùn. Ẹ fi tẹmọ́mítà wò ó. Yíyí 4 láàárín sẹ́kọ́ǹdù 10 àkọ́kọ́ ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó. Ẹni tó ń yí i láìdúró yóò rí ìlà níbi ihò fíìmù. Fíkísà kíákíá, oògùn tó ń mú kí àwòrán dúró, apá 1 sí omi 4, fún ìṣẹ́jú 3 sí 5. Lẹ́yìn náà ẹ fi omi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ẹ yí i lẹ́ẹ̀márùn-ún, ẹ dà á nù, ẹ yí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ dà á nù, ẹ yí i lógún ìgbà. Gbogbo omi wọ̀nyí ní láti sún mọ́ 24. Bí ẹ bá gbé fíìmù láti 24 bọ́ sínú omi 30, ojú rẹ̀ lè là bí ilẹ̀ ẹrẹ̀ tó gbẹ, kò sì sí ohun tó ń tún un ṣe. Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ wọ́n omi sí ilé ìwẹ̀ kí erukú balẹ̀, kí ẹ tó fi í kọ́ síbẹ̀.

Ẹni tó yan Ortho tàbí bébà ní láti yẹ lámpù pupa rẹ̀ wò. Gílóòbù tí a fi ọ̀dà pupa kùn kì í ṣe lámpù pupa. Ìmọ́lẹ̀ funfun ń jò jáde lára rẹ̀. Ẹ gbé owó irin kan lé bébà fótò lábẹ́ lámpù náà fún ìṣẹ́jú 5, ẹ sì fọ bébà náà. Bí ojú owó bá yọ níbẹ̀, lámpù yín kò dára.

Títẹ̀ ẹ́ jáde

Ilé fótò ìgboro máa ń tẹ dúdú-àti-funfun sórí bébà aláwọ̀, ó sì máa ń jáde ní àwọ̀ ewé tàbí ní àwọ̀ àlùkò díẹ̀. Kì í ṣe àṣìṣe yín. Bébà náà ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ kékeré kan, kí ẹ wò ó lójú ọ̀sán níta kí ẹ tó sanwó ti ńlá. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ní dúdú tó ju ẹyọ kan lọ sàn jù ú lọ. Ẹni tó ní négátíìfù, tó sì lè tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fótò gidi, kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìwọ̀nba tó dára jù: bébà oníke rọrùn, ìṣẹ́jú 2 nínú omi tó ń ṣàn ti tó o, bébà tí kò ní ike lẹ́wà jù, àmọ́ ó gba nǹkan bíi wákàtí kan àti omi púpọ̀.

Ẹ fi pẹ́ńsùlù, kì í ṣe bírò, kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀: orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ bó bá gbà, ipò tó ṣe, ibi tí a ti yà á, ọdún tí a yà á, àti ọ̀rọ̀ náà "eléré ìtàn". Àwòrán tí a fi ojú àtijọ́ yà dáadáa lórí bébà gidi lè tan ẹni tó bá rí i ní ogójì ọdún sí i, kó rò pé 1886 ló ń wò.